Ohun Tí Nimia Lọ Bẹ̀ Lọ́wọ́ Atukọ̀

Ọ̀rọ̀ òjò ló kọ́kọ́ da Nimia Rotela àti Derlis Aquino pọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni, ní yunifásítì nílùú Concepción, ní kíláàsì ìdarí iṣẹ́ àkànṣe, èyí tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òwò gbọ́dọ̀ yege nínú rẹ̀ kí wọ́n tó lè gba oyè. Ooru mú débi pé ńṣe ni fáànù òkè àjà kàn ń ro ooru náà pọ̀ bí ẹni ń ro ẹ̀kọ. Olùkọ́ wọn, Ìyáàfin Elvira, ní kí wọ́n wá sọ bí wọn yóò ṣe kọ́ ilé ìdáná fún ilé ìwé abúlé kan: èwo ni yóò ṣáájú, èwo ló lè dúró, èwo ló jẹ́ pé bí ó bá fi lè pẹ́, gbogbo iṣẹ́ ti pẹ́ nìyẹn.

Derlis dìde, ó ka tirẹ̀ bí ẹni ń kọrin. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ìdíwọ́ kankan. Ó parí rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òjò ńkọ́?" Nimia ló bi í láti ìjókòó iwájú.

"Òjò wo?"

"Òjò oṣù Kẹwàá. Àbí o ti bá Ọlọ́run sọ ọ́ pé kó dúró dè ẹ́?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Derlis fọwọ́ họ orí. "Ẹ gbà mí o. Ẹ jẹ́ kí n wà ní ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú arábìnrin yìí. Èmi á máa kọ́lé, òun á máa bá mi wo ojú ọ̀run."

Eré ló pè é, ṣùgbọ́n Ìyáàfin Elvira mú un ní òótọ́. Ó fi wọ́n sí ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn, ó sì ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá iṣẹ́ gidi kan tí wọn yóò ṣe parí kí ọdún tó parí, kì í ṣe ti orí ìwé.

Derlis ló dá a lábàá pé kí àwọn kọ́ èbúté onípákó sí Itakua, abúlé kan tó wà lápá òkè odò, níbi tí àwọn èèyàn ti ń ti inú ẹrẹ̀ wọ ọkọ̀. Bó ṣe dárúkọ abúlé náà, Nimia gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Iwájú Itakua ni ọkọ̀ kan ti rì nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá, lọ́jọ́ àjọ̀dún Màríà, tí èrò pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wilfrido ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lára àwọn tó kú. Ìyá kan náà ló bí wọn, bàbá wọn kò pa pọ̀: Ozuna ni Wilfrido ń jẹ́, ti ọkọ tí Ña Otilia ìyá wọn kọ́kọ́ fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Ña Otilia kò ti jẹ ẹja mọ́. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dárúkọ atukọ̀ náà nínú ilé rẹ̀. Ohun tí Nimia mọ̀ kò ju pé Pirá ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà ládùúgbò, ìyẹn Ẹja, àti pé ó lọ sẹ́wọ̀n.

Kí ló wá dé tí Nimia fi na ọwọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn? Ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè yìí títí. Ó rò pé ká ní èbúté ti wà níbẹ̀ nígbà náà, ká ní ẹnì kan ti dúró lórí rẹ̀ tó lè sọ pé "ọkọ̀ ti kún, ẹ dúró de èyí tó ń bọ̀", bóyá Wilfrido ì bá ti láya, kó ti bímọ. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìyá rẹ̀ kò mọ̀ pé Itakua ni Nimia ń lọ.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ni nǹkan mìíràn náà ń lọ lábẹ́ rẹ̀. Odò kún, ó gbé òpó wọn lọ. Wọ́n tún rì í mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sán, nígbà tí oòrùn bá lé gbogbo ayé wọlé lọ sùn, àwọn méjèèjì a jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n a máa gbé ìwo tereré fún ara wọn, omi tútù pẹ̀lú ewé kíkorò. Derlis a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀.

"Ìwọ, bí wọ́n ṣe bí ẹ tán lo ti béèrè lọ́wọ́ agbẹ̀bí pé kí ló kàn."

"Ó sàn ju ìwọ tó o ṣì ń wá ẹnu ọ̀nà."

"Mo ti rí i."

"Níbo?"

"Òun ló ń bú mi yìí."

Nimia gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má bàa rí i pé òun ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà ilé, ọkàn rẹ̀ a máa bá a wí pé: o ń rẹ́rìn-ín lórí omi tó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n kan pákó ìgbẹ̀yìn, Derlis dúró sí ìparí èbúté náà, ó pè é, ó ní, "Nimia, mi ò fẹ́ kí iṣẹ́ yìí parí, nítorí mi ò mọ ohun tí n ó fi ṣe àwáwí láti máa rí ẹ." Ó ní òun fẹ́ ẹ. Kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Nimia gba ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ wo omi títí ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ fi dé.

Ẹgbẹ́ wọn ló gba máàkì tó ga jù. Ìyáàfin Elvira pe Nimia sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O mọ bí a ṣe ń gbé ìdíwọ́ kúrò lójú ọ̀nà," ló wí. "Ẹ̀bùn ni. Mo ti rí àwọn tí wọ́n gba oyè jáde tí wọn ò ní in." Ìyìn náà wọ̀ ọ́ lára bí aṣọ tuntun.

Oṣù Kejìlá ni Derlis mú un lọ sí ilé wọn. Ìyá Derlis ti kú tipẹ́. Derlis àti bàbá rẹ̀, Don Anselmo, ni wọ́n jọ ń gbé nínú ilé kékeré kan létí odò, níbi tí bàbá náà ti ń tún àwọ̀n ṣe fún àwọn apẹja. Ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ ni. Ó nu àga fún Nimia pẹ̀lú ẹ̀wù ara rẹ̀. Ó po tereré, ó ń gbé ìwo náà bọ̀ wá fún un.

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́ nílùú yìí?"

"Ọmọ Otilia ni mí, bàbá. Èyí tó ń ránṣọ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọwọ́ bàbá náà dúró sí agbede méjì. "Otilia ìyá Wilfrido?"

Ó pẹ́ tí Nimia ti gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ẹlòmíràn. "Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi?"

Don Anselmo rọra gbé ìwo náà kalẹ̀. Ó jókòó sórí òkìtì àwọ̀n. "Ọmọ mi," ló wí, "èmi ni Pirá."

Ajá kan wọlé, ó tún jáde. Nígbà tó yá, bàbá náà ní, "Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n gbé gbogbo wọn, pé àjọ̀dún ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi ló yẹ kó sọ pé rárá. Mi ò sọ ọ́. N kò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè sọ fún ọ."

Nimia dìde, ó jáde, ó ń rìn láìmọ ibi tó ń lọ. Derlis sáré tẹ̀ lé e.

"Nimia! Ọlọ́run ló gbọ́, n kò mọ̀. Rotela lò ń jẹ́!"

"Ozuna ni ẹ̀gbọ́n mi ń jẹ́."

Derlis dúró gbagidi. "Wilfrido Ozuna," ló wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo mọ orúkọ gbogbo wọn. Èmi ni mo máa ń kà á sí Bàbá létí lọ́jọ́ àwọn òkú, kó lè gbàdúrà fún wọn níkọ̀ọ̀kan. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe ní ká kọ́ èbúté yẹn."

"Má tẹ̀ lé mi," Nimia wí. Derlis kò sì tẹ̀ lé e mọ́.

Gbogbo oṣù Kìíní ni wọn kò fi rí ara wọn. Nimia gbìyànjú láti kórìíra rẹ̀. Ó pe ọkàn rẹ̀ jókòó, ó rán an létí Wilfrido, bó ṣe máa ń gbé e lé èjìká, bó ṣe máa ń sín àlùfáà jẹ. Ọkàn rẹ̀ sunkún fún Wilfrido tán, ó tún béèrè Derlis. Ìfẹ́ kò mọ ẹni tó kú, kò mọ ẹni tó pa á. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ maṣíìnì ìránṣọ ìyá rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ña Otilia kò pariwo. Ó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì. "Ọmọkùnrin náà dára?"

"Ó dára, Màmá."

"Mo gbà. Ó lè jẹ́ áńgẹ́lì. Ọmọ ò yan bàbá. Ṣùgbọ́n ìwọ náà rò ó wò. Lọ́jọ́ tó o bá bímọ fún un, ẹni tó ri ọmọ mi sómi ni ọmọ-ọmọ mi máa sáré lọ dì mọ́. Ní ojú mi. Ní ọjọ́ Kérésìmesì. Èmi á wá gbé oúnjẹ fún un, àbí báwo?"

Nimia dìde lórí ìkúnlẹ̀, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé.

Àǹtí Fidela, àbúrò Ña Otilia, ló gba ọ̀rọ̀ náà kan. Obìnrin aláwàdà ni, kò lọ́kọ, kò wá ọkọ, ṣùgbọ́n kò sí ìgbéyàwó tó dàrú ládùúgbò tí kì í dá sí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀. "Ẹsẹ̀ mi ti fẹ́ kán, mi ò sì ní jẹ nínú oúnjẹ ìyàwó yín bó bá rí báyìí," ló máa ń wí. Lẹ́yìn Ọjọ́ Àjíǹde ló tó rí nǹkan gidi mú bọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó pe Nimia àti Derlis jókòó, kò sì ṣàwàdà lọ́jọ́ náà.

"Ó gbà," ló wí. "Ó ní kẹ́ ẹ fẹ́ra. Ṣùgbọ́n Don Anselmo ò gbọdọ̀ yọjú síbi ìgbéyàwó, kò sì gbọdọ̀ fojú kan ọmọ tí ẹ bá bí láéláé. Ó ní kó kúrò nílùú yìí. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, kò sún sẹ́yìn mọ́."

Derlis dìde. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n kí n ta bàbá mi ra ìyàwó? Bàbá yẹn ló dá tọ́ mi. Ó jáde lẹ́wọ̀n, kò rí ẹni bá a sọ̀rọ̀ nílùú yìí àfi èmi. Nimia, bí o bá lè dúró, jẹ́ ká dúró. Ọkàn ìyá rẹ lè rọ̀."

"Bí kò bá rọ̀ ńkọ́?"

"A ó máa dúró ni."

Nimia padà sílé, ṣùgbọ́n kò lè jókòó. Ó ti gba oyè rẹ̀, iṣẹ́ ti wà fún un ní ilé iṣẹ́ tó ń ta wàrà. Ìwà rẹ̀ ni láti máa wo ibi tí nǹkan há sí. Ó wo ọ̀rọ̀ yìí láti òkè délẹ̀: ìyá rẹ̀ ti gbà, Derlis fẹ́ ẹ, òun náà fẹ́ Derlis. Ènìyàn kan ṣoṣo ló dúró lójú ọ̀nà. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó mọ̀ pé Derlis wà níbi iṣẹ́, tí ìlú dákẹ́ rọ́rọ́, ó lọ sí ilé etí odò.

Don Anselmo rí i, ó dìde dúró bí ọmọdé tí olùkọ́ pè.

"Bàbá," Nimia wí, ó sì kúnlẹ̀, "Derlis kò mọ̀ pé mo wá. Ẹ̀bẹ̀ ni mo wá bẹ̀."

"Dìde, ọmọ mi. Kì í ṣe ìwọ ló yẹ kó kúnlẹ̀ fún mi."

Nimia sọ ohun tí ìyá rẹ̀ béèrè. Ó sọ ọ́ tán, ó gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí létí, ojú sì tì í, ṣùgbọ́n kò kó o jẹ. Bàbá náà kọjú sí odò.

"Ṣé n kò ní fojú kan ọmọ náà rárá? Láti ọ̀ọ́kán pàápàá?"

"Bó ṣe wí nìyẹn, bàbá. Bóyá tó bá yá…"

"Rárá, má fi 'bóyá' rẹ̀ mí lẹ́kún. Ìyá náà tọ̀nà." Ó mi orí. "Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣọ́ màlúù ní Chaco, ilẹ̀ gbígbẹ tó wà lókè odò, ó ti ń pè mí. Mà á sọ fún Derlis pé iṣẹ́ ni mo rí. Ṣáà máa bá mi tọ́jú rẹ̀. Tó bá ń bínú, kì í jẹun. Gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀ kó o kúrò níbẹ̀, á jẹ ẹ́."

Kí oṣù náà tó parí, Don Anselmo ti bá ọkọ̀ lọ sí òkè odò. Derlis sọ̀rọ̀ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ní afẹ́fẹ́ ibẹ̀ dára fún òun. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní oṣù Kẹsàn-án. Wọ́n jó, wọ́n jẹ búrẹ́dì àgbàdo àti ẹran sísun, Àǹtí Fidela mu ọtí débi pé ó fẹ́ẹ̀ fẹ́ fádà. Nígbà tí fádà ní kí àwọn òbí dìde fún àdúrà, Ña Otilia dìde. Lápá ti Derlis, kò sẹ́ni tó dìde. Nimia rí bí ọkọ rẹ̀ ṣe wo àga bàbá rẹ̀ tó ṣófo lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì wò ó mọ́.

Wọ́n rí ara wọn fẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ilé wọn dùn. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, wọ́n pè é ní Yerutí. Ña Otilia gba ọmọ náà bí ẹni tí wọ́n dá nǹkan padà fún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin nídìí maṣíìnì. Ó tilẹ̀ ń fẹ́ràn Derlis, ó ń bá a rán kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kó rán an. Lọ́dọọdún, ní àkókò Àjíǹde, Derlis a dá nìkan bá ọkọ̀ lọ sí Chaco. Tó bá dé, Nimia a bi í léèrè.

"Báwo ni Bàbá?"

"Wọ́n wà. Wọ́n ní ṣé Yerutí ti ń rìn."

Ọdún tó tẹ̀ lé e: "Wọ́n ní ṣé ó ti mọ orúkọ ara rẹ̀." Ọdún mìíràn: "Wọ́n ní ta ló jọ." Nimia a wọ yàrá lọ, a máa ká aṣọ tó ti ká tẹ́lẹ̀. Lójoojúmọ́ ló ń rò ó pé òun yóò sọ fún Derlis pé òun lòun ní kí bàbá rẹ̀ lọ. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ètè rẹ̀, ẹ̀rù a bà á pé ilé tó dùn yìí yóò dàrú, a tún gbé e mì.

Ọdún tí Yerutí bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé ni ẹ̀rọ alágbèéká Derlis dún láàárọ̀ ọjọ́ kan. Àyà ń dun Don Anselmo, kò sí dókítà nítòsí. Derlis ní òun máa lọ gbé e wá sí ọsibítù Concepción.

Nimia wo ojú ìyá rẹ̀, tó jókòó sídìí tábìlì. Ìyá rẹ̀ kò sọ pé rárá, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Jẹ́ kí n bá Màmá sọ̀rọ̀ ná," Nimia wí. "Jẹ́ kí àjọ̀dún Màríà yìí kọjá. Mà á wá bí a ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dunni."

Derlis wò ó. Ó jọ pé ó fẹ́ sọ nǹkan. Ó gbé fìlà rẹ̀, ó jáde lọ wá ọkọ̀. Ọkọ̀ ọjọ́ náà ti lọ. Kí ti ọjọ́ kejì tó gbéra, wọ́n pè pé bàbá náà ti sùn, kò jí.

Nígbà náà ni Ña Otilia sunkún. Ó bo ojú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń rán. "Ọkàn mi ti ń rọ̀," ló ń wí. "Mo fẹ́ sọ pé kó wá ní Kérésìmesì. Ọlọ́run rí mi, mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́." Nimia wọ bàtà fún Yerutí, ó sì tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀.

Abẹ́ igi ẹlẹ́gùn-ún kan ni wọ́n sin Don Anselmo sí, nínú ilẹ̀ Chaco tó le bí àpáta. Àwọn darandaran ló gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn rí Yerutí, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Ìwọ nìyí. Bàbá àgbà ẹ kì í sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn fún wa." Ọmọ náà wo ìyá rẹ̀, nítorí kò tíì sẹ́ni tó sọ fún un pé ó ní bàbá àgbà.

Nígbà tí ọkọ̀ ń gbé wọn padà, Yerutí sùn lọ sórí ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Nimia mọ̀ pé bí òun kò bá sọ ọ́ lórí omi yẹn, òun kò ní sọ ọ́ mọ́ láyé.

"Derlis. Kì í ṣe iṣẹ́ ni Bàbá rí nígbà yẹn. Èmi ni mo lọ bá wọn. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ."

Derlis kò yíjú. Ó ń fi ọwọ́ gba oòrùn kúrò lójú ọmọ rẹ̀.

"Mo mọ̀," ló wí.

"O mọ̀?"

"Ọjọ́ tí wọ́n ń lọ ni wọ́n sọ fún mi, létí ọkọ̀. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ bá ẹ jà. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ jẹ́ kó o mọ̀ pé mo mọ̀, kí ojú má bàa tì ẹ́ nínú ilé ara rẹ."

"O sì fẹ́ mi bẹ́ẹ̀?"

"Mo fẹ́ ẹ. Mo ṣì fẹ́ ẹ." Ohùn rẹ̀ kò ga, kò sì sí ìbínú nínú rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dun Nimia jù. "Ṣùgbọ́n lọ́dọọdún, tí mo bá ti ibẹ̀ dé, tó o bá bi mí pé báwo ni Bàbá, mo máa ń dúró díẹ̀ kí n tó dáhùn. O ò ṣàkíyèsí? Mo ń dúró kó o sọ ọ́. Mo rò pé tó o bá sọ ọ́, àwa méjèèjì á jọ lọ mú wọn wá sílé."